Búrẹ́dì Màmá Àgbà

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ já oúnjẹ gbà lẹ́nu wọn nínú ilé yẹn, ọmọ wọn ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, tíṣà sì fún un ní máàkì mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ọ̀tá kankan ò sí nínú ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lọmọ náà, ó mọ̀wé kọ, ojú ẹ̀ sì ń rí nǹkan. Ohun tó bá rí ló máa ń kọ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Akọ̀wé.

Bí àárọ̀ ṣe máa ń rí nínú ilé náà ló rí lọ́jọ́ yẹn. Ìyá bàbá Akọ̀wé, tí wọ́n ń pè ní Màmá Àgbà, ti jí kí fèrè àkọ́kọ́ tó dún nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ ológun. Ó bu omi díẹ̀ sínú abọ́ rẹ̀, ó fi ṣíbí rò ó yíká, ó da omi náà nù, ó wá gbé abọ́ tútù náà kalẹ̀ sórí tábìlì, síbi tí ojú máa tètè rí i. Ó tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Màmá, ẹ ti jẹun?" Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń bi í bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń wá bàtà ẹsẹ̀ kejì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Mo ti jẹun tipẹ́. Ìwọ sáà máa lọ, kí wọ́n má baà ti géètì mọ́ ẹ síta."

Obìnrin náà wo abọ́, ó rí i pé ó tutù, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àpò àyà ló ń rán sára aṣọ àwọn sójà, igba àpò lójúmọ́, ẹni tó bá sì pẹ́ lẹ́yìn fèrè kejì, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ rẹ̀ wà lójú ogun. Lẹ́tà tó kọ kẹ́yìn ti pé oṣù mẹ́rin. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó jáde.

Ìgbà tí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dún mọ́ lórí àtẹ̀gùn ni Màmá Àgbà tó tú etí aṣọ ìborùn rẹ̀, ó mú búrẹ́dì jáde. Búrẹ́dì tiẹ̀ ni, ìpín àná, ẹnu ò tíì kàn án. Lákòókò ogun yẹn, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní káàdì oúnjẹ tiẹ̀, ẹyọ búrẹ́dì kan tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni káàdì kan sì ń gbà lóòjọ́. Ó gé e sí méjì.

"Tèmi dà?" Àbúrò Akọ̀wé ti na ọwọ́. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin ni, ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń bá jí láràárọ̀, títí ó fi di orúkọ mọ́ ọn lára: Tèmi-dà.

"Tìẹ rèé. Rọra jẹ ẹ́, ẹnì kankan ò lé ẹ."

Akọ̀wé náà gba tiẹ̀. Ó ti bi Màmá Àgbà léèrè nígbà kan pé ṣé ebi kì í pa wọ́n ni. Màmá Àgbà ní ara àgbàlagbà kì í béèrè oúnjẹ mọ́, pé àwọn ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ga ni Ọlọ́run dá ebi fún. Ọmọ náà gbà á gbọ́. Ta ni ì bá gbà gbọ́, bí kò bá gba ìyá àgbà rẹ̀ gbọ́?

Níjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, tíṣà wọn ti ní kí wọ́n kọ̀wé lórí "Bí A Ṣe Ń Gbé Nínú Ilé Wa Lákòókò Ogun." Ìwé kan ló wá látọ̀dọ̀ ìjọba pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọdé pé kì í ṣe ojú ogun nìkan ni wọ́n ti ń jagun, pé wọ́n ń jà á nílé pẹ̀lú, nídìí omi, nídìí iná, nídìí àwo oúnjẹ. Èèyàn dáadáa ni tíṣà náà. Ohun tó ń retí ni pé kí àwọn ọmọ kọ nípa bébà dúdú tí wọ́n ń fà bo fèrèsé lálẹ́ kí iná má baà hàn síta, àti garawa iyanrìn tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà nítorí bọ́ǹbù. Púpọ̀ nínú wọn ló sì kọ bẹ́ẹ̀. Ti Akọ̀wé yàtọ̀. Tíṣà fẹ́ràn ẹ̀ débi pé nígbà tí àlejò wá sí kíláàsì wọn láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, òun ló ní kó dìde, kó ka tiẹ̀.

Àlejò náà ni ọ̀gá tó ń bójú tó káàdì oúnjẹ ní gbogbo àdúgbò. Ọ̀gá Òǹtẹ̀ ni wọ́n ń pè é tí kò bá sí nítòsí, torí pé bí kò bá tẹ òǹtẹ̀ mọ́ káàdì, kò sẹ́ni tó máa fojú kan búrẹ́dì. Ó jókòó síwájú kíláàsì, ó ká ọwọ́ lé ikùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bí ikùn ṣe ń yọ nílùú tí gbogbo èèyàn ti ń lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì.

Akọ̀wé gbé ìwé rẹ̀ sókè, ó kà á:

"Èèyàn mẹ́rin la wà nínú ilé wa báyìí. Bàbá wa wà lójú ogun. Màmá wa ń rán àpò. Àbúrò mi ò ṣe nǹkan kan, ó kàn ń jẹun ni. Ẹni tó ń jagun jù nínú ilé wa ni Màmá Àgbà, torí wọn kì í jẹun. Ebi kì í pa wọ́n. Láràárọ̀, abọ́ wọn máa ń tutù, ṣùgbọ́n búrẹ́dì wọn kì í dín. Èmi àti àbúrò mi ni wọ́n máa ń fún. Tí gbogbo èèyàn bá lè ṣe bíi Màmá Àgbà, búrẹ́dì á pọ̀ gan-an, àwọn sójà wa á yó, ogun á parí, Bàbá wa á wálé."

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Tíṣà ń rẹ́rìn-ín, omi ti lé sí i lójú. Ọ̀gá Òǹtẹ̀ ò pàtẹ́wọ́ ní tiẹ̀. Ó yọ ìwé pélébé kan lápò.

"Ọmọ dáadáa. Ṣé o mọ nọ́ńbà káàdì ìyá àgbà ẹ?"

Akọ̀wé mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Màmá Àgbà ò mọ̀wé, òun ló máa ń bá wọn ka káàdì. Ó nàró, ó kà á jáde kedere: "Mẹ́jọ, kan, kan, sà!"

Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. "Ìpín tí ẹni tó ni ín ò bá jẹ, ìjọba ló ni ín," ló wí fún tíṣà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. "Láti òní lọ, a dá a dúró."

Ẹ̀rín kú mọ́ tíṣà lẹ́nu. Bí ọkùnrin yẹn ṣe jáde tán, ó fa Akọ̀wé lọ sẹ́yìn kíláàsì, ó ki ìwé náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Sáré lọ bá ìyá ẹ níbi iṣẹ́. Ní kí wọ́n tètè dé ibi tí wọ́n ti ń pín búrẹ́dì. Ọ̀gá yẹn ti fẹ́ gba káàdì ìyá àgbà ẹ. Ní kí wọ́n..." Tíṣà yíjú wo ẹnu ọ̀nà. "Ní kí wọ́n má bínú sí mi."

"Àǹtí, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Òótọ́ lo kọ. Ó yá, sáré!"

Níbi iṣẹ́, ariwo máṣíìnì ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́ ohun tó ń wí lákọ̀ọ́kọ́. Ìgbà tó gbọ́, ó gba ìwé, ó kà á, ó tún un kà. Akọ̀wé ń retí kó pariwo. Kò pariwo. Ojú kan ló tẹjú mọ́, ibi tí ọmọ kọ ọ́ sí pé abọ́ máa ń tutù.

Aṣọ Màmá Àgbà ló wá sí i lọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀mejì lòun ti fọwọ́ ara òun dín aṣọ yẹn kù láàárín oṣù mẹ́ta. Màmá Àgbà ní aṣọ náà ti gbó, pé ńṣe ló ń fẹ̀. Òun télọ̀, òun tó ń rán igba àpò lójúmọ́, òun wá gbà pé aṣọ lè máa fẹ̀ fúnra ẹ̀! Ó fọwọ́ gbá ara ẹ̀ lórí, pàá. Àwọn obìnrin tó wà nídìí máṣíìnì tó kù yíjú wò ó.

"Wákàtí kan," ni ọ̀gá wọn obìnrin wí nígbà tó tọrọ àyè. "Tó bá lé ní ìṣẹ́jú kan, má wulẹ̀ padà wá."

Nílé, Màmá Àgbà jókòó sójú fèrèsé, ó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Òkúta fẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀wà lọ. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ò kí i bó ṣe wọlé. Ó lọ bá a tààrà, ó di apá rẹ̀ mú lókè ìgbọ̀nwọ́, ìka rẹ̀ sì yí apá náà po, ó pàdé.

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n lé ẹ níbi iṣẹ́ ni?"

"Màmá, láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà wo ni kí ni?"

"Ẹ má dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀, Màmá! Ẹ̀ ń rẹ abọ́ sómi fún mi wò láràárọ̀! Láti ìgbà wo lẹ ò ti jẹun?"

Màmá Àgbà wo Akọ̀wé. Akọ̀wé wolẹ̀.

"Mo ń jẹun o. Omi ẹ̀wà tó máa ń kù nísàlẹ̀ ìkòkò, èmi ni mò ń mu ún. Ó ń ṣara lóore."

"Omi ẹ̀wà! Ẹ fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni? Kí ni kí n wá sọ fún ọmọ yín tó bá dé?"

"Sọ fún un pé àwọn ọmọ ẹ̀ wà láàyè."

Obìnrin náà fi apá náà sílẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Tèmi-dà ń ka òkúta ẹ̀wà sí ojú kan, ó ń sọ fún àwọn òkúta náà pé wọn ò gbọdọ̀ jà.

Ohùn kan dún lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, aládùúgbò wọn tó ń gbé lókè, ẹni tí ọ̀rọ̀ kan kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. "Mo kàn ń kọjá lọ ni o. Wọ́n ní wọ́n ti gba káàdì Màmá?"

"Wọ́n gba kí ni?" Màmá Àgbà dìde, gbogbo ẹ̀wà dà sílẹ̀.

Kò sí bí wọn ò ṣe ní sọ ọ́ mọ́. Ìyá Akọ̀wé ka ìwé náà sí i létí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí ọmọ ti ní ebi kì í pa wọ́n, Màmá Àgbà dijú.

"Èmi ni mo kọ ọ́, Màmá," Akọ̀wé wí. Ó kúnlẹ̀. "Mo fẹ́ yìn yín ni."

"Mo mọ̀. Dìde, bá mi ṣa ẹ̀wà yìí."

"Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí nílé ìwé?" Ìyá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbà á lẹ́nu wọn. "Láyé tiwa, ìṣirò ni wọ́n ń kọ́ wa. Mi ò rí ẹni tí ìṣirò gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹ̀ rí!"

"Ìyá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tètè máa lọ o. Ìlà ti gùn dé ìdí ẹ̀rọ omi."

Ohun tó wà nílẹ̀ kò le láti mọ̀. Tí wọ́n bá gba káàdì yẹn, búrẹ́dì mẹ́ta ló kù fún ẹnu mẹ́rin, gbogbo wọn ló sì mọ ẹni tí ò ní jẹ nínú ẹ̀. Wọ́n gbéra.

Gbọ̀ngàn ńlá kan ni wọ́n ti ń pín búrẹ́dì. Tábìlì wà níwájú, àpótí búrẹ́dì wà lẹ́yìn tábìlì, wọ́n sì lẹ ìwé gàdàgbà kan mọ́ ògiri lókè orí Ọ̀gá Òǹtẹ̀: JẸ DÍẸ̀ KÍ A LÈ ṢẸ́GUN. Ife tíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń ro tíì náà, èèyàn lè gbọ́ tí ṣúgà ń dún nísàlẹ̀ ife. Nígbà tó kàn wọ́n, ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ káàdì mẹ́ta nínú tiwọn, wọ́n gbé búrẹ́dì mẹ́ta sílẹ̀. Ó wá ti ìkẹrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mẹ́jọ, kan, kan. A ti dá èyí dúró."

"Ta ló dá a dúró?" ìyá Akọ̀wé bèèrè.

"Òfin ni."

"Èmi ò rí òfin níbí o, ẹ̀yin ni mò ń wò."

"Màdáámù, ẹ má pariwo mọ́ mi. Ọmọ yín ló kọ ọ́, èmi kọ́. Ìyá yìí kì í jẹun, ebi kì í pa wọ́n. Àwọn sójà wà lójú ogun tí ebi ń pa."

"Ọkọ mi wà nínú àwọn sójà yẹn! Ìyá tó bí i ló dúró síwájú yín yìí! Ẹ wò wọ́n dáadáa, sà. Ṣé ẹni tí ebi ò pa rèé?"

"Èmi kì í ṣe dókítà."

Inú bí obìnrin náà débi pé ohun tí ò rò tẹ́lẹ̀ ló jáde lẹ́nu ẹ̀. "Ó dáa. Ẹ fún wọn ní búrẹ́dì náà níbí. Kí wọ́n jẹ ẹ́ lójú yín, kí wọ́n jẹ ẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, kí ẹ tẹ òǹtẹ̀ yín!"

Àwọn tó wà nínú ìlà súnmọ́ tábìlì. Ọ̀gá Òǹtẹ̀ wo aago, ó wo àwọn èèyàn, ó rí i pé òun ni wọ́n ń wò. "Kò burú. Gbogbo ẹ̀ o. Tó bá ku díẹ̀, tàbí tí wọ́n fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀, mo gba káàdì, kò sì sí ẹ̀bẹ̀."

Wọ́n gbé àga fún Màmá Àgbà. Ó jókòó, ó tún aṣọ ìborùn ṣe, ó gba búrẹ́dì. Ó kọ́kọ́ já a díẹ̀, ó pa ẹnu dé, ó ń rún un wẹ́wẹ́ bí àgbàlagbà tó mọ ìwà hù ṣe ń jẹun níwájú àlejò. Ó tún já a. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ó tẹrí ba lé búrẹ́dì náà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ya á, kò rún un délẹ̀ tó fi ń gbé e mì, èérún ń bọ́ sí i lẹ́sẹ̀, ó ń ṣà á, ó ń jẹ ẹ́. Ó ti gbàgbé ibi tó wà. Ọkùnrin kan nínú ìlà yíjú sí ògiri.

Akọ̀wé ń wò. Ó ti rí Màmá Àgbà tó ń gé búrẹ́dì, ó ti rí wọn tó ń pín in, tó ń gbọn èyí tó kù lọ́bẹ sọ́wọ́ Tèmi-dà. Kò tíì rí wọn kí wọ́n jẹ ẹ́ rí. Ebi ń pa wọ́n. Láti ọjọ́ yìí wá ni ebi ti ń pa wọ́n, òun sì ń jẹ búrẹ́dì wọn láràárọ̀, òun tún wá kọ ọ́ sínú ìwé. Ojú tì í gidigidi. Ó ń wá ibi tó máa fojú sí.

Ó ku bí òkèlè méjì.

"Tèmi dà?"

Tèmi-dà ti bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó dúró sí orúnkún Màmá Àgbà, ó na ọwọ́ bó ṣe máa ń nà án láràárọ̀. Kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀, ó kàn ń béèrè tiẹ̀ ni.

Ọwọ́ Màmá Àgbà dúró. Ó wo búrẹ́dì, ó wo ọmọ. Kò tíì fi nǹkan du ọmọ yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, sí ọ̀dọ̀ ọmọ. Ìyá Akọ̀wé gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ọ̀gá Òǹtẹ̀ fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì.

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó fa àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn, ó fọwọ́ bò ó lẹ́nu, ó gbójú sókè wo ọkùnrin náà.

"Ẹ má dá a lóhùn, sà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó ti jẹun. Ebi ò pa á."

Kò wolẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ̀n. Màmá Àgbà gbọ́ ọ. Ó ju èyí tó kù sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbé e mì, omijé ń dà lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ló la ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ kí ọ̀gá náà rí i.

Òǹtẹ̀ dún lórí káàdì. Ẹnì kankan ò pàtẹ́wọ́.

Lójú ọ̀nà, ìyá Akọ̀wé ò sọ ju gbólóhùn kan lọ kó tó sáré padà síbi iṣẹ́. "Láti ọ̀la, Màmá, ẹ ó jẹun kí n tó wọ bàtà." Màmá Àgbà mi orí. Tèmi-dà sunkún délé, ó sì kọ̀ kí Akọ̀wé fà á lọ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí ìyá wọn dé, oòrùn ṣì wà, wọn ò tíì nílò láti fa bébà dúdú bo fèrèsé. Wọ́n gbé ẹ̀wà sílẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gba búrẹ́dì tiẹ̀, àfi Màmá Àgbà tó ti jẹ tiẹ̀. Tèmi-dà jẹ tiẹ̀ tán kí wọ́n tó gbàdúrà sí oúnjẹ. Ó gbójú sókè.

"Tèmi dà?"

Akọ̀wé rọra ti búrẹ́dì tiẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀ lábẹ́ ọwọ́.

"Ìwọ ńkọ́?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Mo ti jẹun, Màmá."

Abọ́ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ó tutù, ṣíbí wà nínú ẹ̀.

Màmá Àgbà wo abọ́ náà. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún un bí abọ́ ṣe ń tutù. Ó na ọwọ́, ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ Tèmi-dà, tó ń ké, ó sì fi í lé Akọ̀wé lọ́wọ́. Ó fa àga, ó jókòó sí iwájú ọmọ náà, orúnkún kan orúnkún.

"Jẹ ẹ́."

"Màmá, ebi ò..."

"Mo ní jẹ ẹ́! Lójú mi báyìí! Tó bá ku díẹ̀, màá nà ẹ́ nínà tí o máa rí kọ sínú ìwé!"

Ọmọ náà jẹ ẹ́. Ó ń sunkún, ó ń jẹ ẹ́, ìyá rẹ̀ ò dá sí i, Màmá Àgbà ò sì gbójú kúrò lẹ́nu ẹ̀ títí ó fi gbé èyí tó kẹ́yìn mì. Lẹ́yìn náà ló ní kó la ọwọ́ méjèèjì, kí òun rí i.